Bí Mo Ṣe Jókòó Sínú Igbá Lórí Adágún Òjò-Kì-í-Dá

Ẹ sún mọ́ ààrò, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òjò ti dí wa mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, oko kò ṣeé lọ, ẹnu nìkan ni irinṣẹ́ tí òjò kì í pa. Mo rí Lákànlé níbẹ̀ yẹn tí ó da aṣọ méjì bora, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn bí ẹni ń gún ẹ̀lú. Lákànlé, ṣé èyí ni ìwọ ń pè ní òjò? Bí òjò tí ojú èmi Ọdẹ́jìnmí ti rí bá pàdé òjò tiyín yìí lọ́nà, yóò ní kí ó lọ pọn omi wá fún òun wẹ̀.

Lákànlé ní, "Baba, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ ni. Àgbà tí kò ní ìtàn, igi tí kò ní èso ni. Òjìji rẹ̀ nìkan ni a ó rí jẹ. Ẹ fún mi ní obì kan tí yóò mú ọ̀fun mi dúró, kí ẹ sì gbọ́ bí ọdẹ tí kò mọ̀wẹ̀ ṣe jókòó lórí omi, tí ó sì mú ẹja tí àwọn ọmọ bíbí inú omi ń dù tí ọwọ́ wọn kò tó.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọdún tí ìyá wa kú, ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí. Ẹ̀yìn Àwẹ̀ró ni mo gbé dàgbà. Ohun tí ìyá ń ṣe fún ọmọ ló ṣe fún mi, kò sì jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan kan sọnù lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo di géńdé, tí òkìkí mi ti kàn dé ìlú méje, àìsàn kan kọlu ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ibà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ibà tí à ń mọ̀. Bí a bá fi aṣọ tútù lé e níwájú orí, kí a tó ka ení, èjì, aṣọ náà ti gbẹ, ó ti ń rùn bí aṣọ tí iná fẹ́ jó. Adìyẹ kan sá wọ abẹ́ ibùsùn rẹ̀ lọ yé. Sísè ni ẹyin náà jáde. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Èmi kò rí i rín lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹwàá rèé tí Àwẹ̀ró kò ti fi nǹkan kan kan ẹnu.

Ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ kan wà ní àdúgbò wa tí ń jẹ́ Mojíbádé. Òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó pè mí sí ìta ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ewé mi ti tán lórí ọ̀rọ̀ yìí. Iná ló wà nínú ẹ̀gbọ́n rẹ, omi ìlú wa kò sì lè pa á, nítorí kò sí èyí tí oòrùn kò tíì fọwọ́ kàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n adágún kan wà lórí Òkè Atútù tí oòrùn kò rí rí. Òjò kì í dá níbẹ̀, ọyẹ́ kì í sì í lọ. Ẹja-ẹkùn wà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ ní tótòtó bí awọ ẹkùn. Bí o bá mú un wá láàyè nínú omi rẹ̀, tí a jù ú sínú ọpọ́n, tí a ki ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ bọ ọpọ́n náà, ẹja yóò fa iná yẹn mu."

"Ìyá, ọjọ́ mélòó ni mo ní?"

"Mẹ́sàn-án. Bí ó bá di ọjọ́ kẹwàá, iná á dé ọkàn."

"Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí. N kì í ṣe apẹja."

Mojíbádé wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ta ló bi ọ́ ní iṣẹ́ rẹ? Ẹ̀gbọ́n ta ni ó ń jó nínú ilé yìí?"

Mo wọ gbérí ọdẹ mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọlé lọ dágbére. Àwẹ̀ró kò lè la ojú, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Má gbàgbé láti máa kí ènìyàn lọ́nà o. Kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé ni o ti wá." Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo rin ọjọ́ méjì. Ìrìn náà kò ní ìtàn nínú. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kẹta ni mo dé ìsàlẹ̀ Òkè Atútù, mo sì bá ara mi nínú oko igbá tí kò lópin. Akèrègbè ń bẹ nílẹ̀, akèrègbè ń bẹ lórí igi, òmíràn tóbi tó yàrá. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kan báyìí, ohùn kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Ta ni ó ń tẹ àwọn ọmọ mi mọ́lẹ̀?"

Mo yíjú padà. Iwin kan ló dúró. Orí rẹ̀, akèrègbè; ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ bí ọrùn àdó; ikùn rẹ̀, igbá tí a lè ro ẹ̀kọ ogójì ènìyàn sí. Gbalágbalà ni orúkọ rẹ̀. Èmi tí mo ti yìnbọn fún efọ̀n ní àárín ojú, ṣé n ó wá dúró máa ṣàlàyé fún igbá? Mo yin ìbọn fún un. Ọta wọ inú rẹ̀, kò jáde. Ó mi ara rẹ̀, ọta àti hóró sì ń jó papọ̀ nínú ikùn rẹ̀, gbalá-gbalà, gbalá-gbalà.

Ó ní, "O ṣeun. Ohùn mi ti ń rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo gbá a mú. A jà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí. Mo gbé e, kò wúwo. Mo là á mọ́lẹ̀, ó ta padà sókè. Ẹni tí ó bá igbá jìjàkadì yóò jìjàkadì títí di ọ̀la. Nígbà tí ó rí i pé kò sí ẹni tí yóò dá ẹnì kejì, ó ní, "Ọdẹ, jẹ́ kí a fi ẹnu parí rẹ̀. N ó pa àlọ́ kan. Bí o bá já a, o kọjá. Bí o kò bá já a, n ó gbẹ́ orí rẹ, n ó máa fi bu omi."

Mo ní, "Pa á."

"Ebi ń pa á, ó ń léfòó. Ó yó tán, ó rì. Kí ni?"

Mo ronú kan ẹja. Ẹja kì í yó kó rì. Mo ronú kan ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kì í léfòó. Gbalágbalà ti ń na ọwọ́ sí orí mi, ó ń wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn igbá lọ́jà, ni ojú mi bá bọ́ sí ikùn rẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ ni. Igbá ni. Bí inú rẹ bá ṣófo, odò á gbé ọ. Bí omi bá kún inú rẹ, ó di ìsàlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọta ìbọn mi kan fi já bọ́ láti imú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí ó bá mọ̀ mí, ọmọ ilé mi ni mo fi ń ta á lọ́rẹ." Ó wọ inú oko lọ, ó gbé igbá kan jáde tí ó ti hù yí kùkùté igi ká, tí wọ́n wá yọ kùkùté náà, tí àárín rẹ̀ fi lu bí òrùka. Wọ́n ta awọ ẹtu dábùú ihò náà bí ìjókòó. Ó ní, "Orí awọ ni ìdí ń gbé, inú omi ni ẹsẹ̀ ń gbé, kí o máa fi wọ́n tukọ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ." Ó fi akèrègbè kékeré olómorí kan kún un, èyí tí n ó fi gbé ẹja bọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gun òkè náà dé ìlú tí ó wà lórí rẹ̀.

Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ bí tiwa tí ó ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo bí àwọn àna tó wá mú ìyàwó. Ó ń kù wínníwínní bí èlùbọ́ láti inú ajọ̀. Kò pọ̀ sí i, kò dín kù, ó kàn ń wọni lára bí ìbátan tí kò fẹ́ padà sílé rẹ̀. Ọyẹ́ sì tún ń fẹ́ láàárín rẹ̀. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí: òjò àti ọyẹ́, orogún méjì tí ń gbé yàrá kan. Èéfín ń ti ẹnu gbogbo ará ìlú jáde bí ẹni tí ó gbé ààrò mì.

Oníbodè wọn, obìnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìkùukùu, gbà mí sílé. Mo sọ ohun tí mo bá wá fún un. Ó fún mi ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìwọ̀ wà ní ẹnu rẹ̀. Wọ́n sì ti fi òwú pupa so ìyẹ́ àparò mọ́ ìwọ̀ náà títí ó fi jọ kòkòrò tí ó fẹ́ bà.

Ó ní, "Ẹja wa kì í jẹ ekòló. Agbéraga ni wọ́n. Ohun tí ó bá ń fò ni wọ́n ń jẹ. Òfin kan ṣoṣo sì ló wà lórí omi: ẹnu kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀, ó lé ẹja lọ nìyẹn."

"Ó dára, Ìyá."

"Kì í ṣe ó dára. Mo mọ irú yín, ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó, ẹ ó kí i. Bí ó bá dìde, ẹ ó kí i. Bí ó bá dúró tí kò ṣe nǹkan kan, ẹ ó kí i kú ìdúró."

"Ẹ kú àlàyé o, Ìyá."

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé o rí i?"

Ní ọjọ́ kẹrin mo gbé igbá mi lé omi. Ẹ̀yin ènìyàn, òtútù omi náà kì í ṣe òtútù. Ó ní eyín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ń gun orúnkún bọ̀ bí ìjàlọ. Mo fi ẹsẹ̀ tukọ̀ dé àárín adágún, mo sì rí àwọn apẹja bí ogún nínú igbá tiwọn, tí wọ́n dákẹ́ nínú ìkùukùu bí ẹyẹ tó ń tòògbé. Ọ̀kan tù kọjá ní ẹ̀gbẹ́ mi. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, ẹnu mi ti là, ó ní, "Ẹ kú òjò o, ẹ kú ìpẹja, ọwọ́ á dẹ̀."

Omi náà gbọ̀n. A rí ẹja tí ó sá lọ bí ẹfúùfù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ogún ojú ló yí sí mi. Mo ní, "Ẹ má bínú." Ìyẹn lé èyí tó kù lọ. Lọ́sàn-án, ọ̀kan nínú wọn sín, mo ní, "Kára ó le." Títí a fi dé etí omi lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó rí egungun ẹja, wọ́n sì ń wò mí bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu ẹni.

Ní ọjọ́ karùn-ún mo gbọ́n. Mo ki orógbó mẹ́fà bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, mo sì di ẹnu. Mo ju ìyẹ́ àparò náà sí ojú omi, mo dúró. Nígbà tí ó ṣe, omi là, ẹja-ẹkùn yọ, ó gbé ìwọ̀ mì. Mo fà, ó fà. Ọkàn mi ń sọ pé, "Àwẹ̀ró ti yè." Ibi tí a ti ń fa okùn yìí ni àgbà kan ti inú ìkùukùu jáde nínú igbá tí ewé omi ti hù yí ká. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó gùn dé inú omi, ẹja kéékèèké sì ń ṣeré láàárín rẹ̀. Òun ni Baba Orí-Omi, àgbà gbogbo apẹja ibẹ̀.

Ẹ bá mi dá a. Ṣé ọmọ tí Àwẹ̀ró tọ́ lè rí irú àgbà bẹ́ẹ̀ kí ó jókòó gbagidi níwájú rẹ̀? Ọkàn mi ní, "Jókòó, Ọdẹ́jìnmí." Ẹ̀yìn mi ní, "Ó tì o." Kí ọkàn àti ẹ̀yìn tó parí ìjà wọn, àyà mi ti lọ ń wá ilẹ̀. Ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Omi ló wà níbẹ̀.

Igbá dojú dé. Orí mi lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń tọ́ka sí ojú ọ̀run bí apá igi tí àrá pa. Okùn já, ẹja lọ, orógbó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tú jáde. Baba Orí-Omi ló fi ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ gbérí mi ní ọrùn, tí ó wọ́ mi dé orí òkúta kan létí omi, níbi tí ọ̀rọ̀ sísọ kò ti jẹ́ èèwọ̀. Àwọn apẹja ogún náà ń rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Èjìká wọn nìkan ni mo rí tí ó ń mì.

Baba ní, "Kí lo ń wá lábẹ́ omi?"

"Baba, ẹ̀yin ni mo ń kí."

"Kí lo ṣe?"

"Mo dọ̀bálẹ̀ ni."

"Lórí omi?"

"Ibi tí mo ti pàdé yín nìyẹn, Baba."

Ó ní, "Igba ọdún ni mo ti wà nínú igbá yìí. Wọ́n ti jí ẹja mi, wọ́n ti gbàgbé orúkọ mi. Kò sí ẹni tí ó tíì rì nítorí mi rí." Ó fi irùngbọ̀n nu ojú. "Kí ló gbé ọ dé ibí?"

Mo sọ fún un. Mo ní ọ̀la nìkan ló kù tí mo lè lò níbẹ̀, nítorí ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀nà ilé. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́ fún yín: mo sunkún, omijé mi nìkan ló gbóná lórí òkè náà.

Baba ní, "Gbọ́. Àwa náà ń kíra wa. Ẹsẹ̀ ni a fi ń kí. Bí o bá rí àgbà, fa ẹsẹ̀ méjèèjì yọ nínú omi, na ìka wọn sókè, kí o gbé wọn dúró bẹ́ẹ̀ títí àgbà náà yóò fi kọjá. Àwọn èwe ìsinsìnyí kò ní sùúrù rẹ̀ mọ́. Wọ́n á gbé e fìrí, wọ́n á sọ ọ́ sílẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹfà mo padà sórí omi pẹ̀lú okùn àti ìwọ̀ tuntun tí Ìyá Ìkùukùu fún mi. Ẹnu mi dì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti gba àṣẹ. Mo kí Baba. Mo kí ẹni tí ó tẹ̀ lé Baba. Mo kí ẹni tí ń bọ̀, mo kí ẹni tí ń lọ, mo kí ẹni tí ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo kí òkúta kan tí ó jọ àgbà láti òkèèrè. Láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán, ẹsẹ̀ mi kò kan omi. Ibi tí èrè wà nìyẹn. Àwọn yòókù ń fi ẹsẹ̀ gún omi bí ẹni ń gún iyán, ẹja sì ń sá fún ẹsẹ̀ wọn. Ibì kan ṣoṣo ni omi ti dákẹ́ bí òróró nínú ìgò: abẹ́ ìdí èmi Ọdẹ́jìnmí. Gbogbo ẹja adágún kó wá síbẹ̀ wá sinmi. Mo rọra ju ìyẹ́ àparò sílẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn gbé e.

Mo rántí pé fífà ló já okùn mi lánàá. N kò fà. Mo jẹ́ kí ó máa wọ́ mi lọ. Ó wọ́ mi yí adágún ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ó sì ṣe ń wọ́ mi kọjá lọ́dọ̀ àwọn apẹja, ẹsẹ̀ mi wà lókè, mo ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn wọ́n dáhùn. Ogójì ẹsẹ̀ yọ lójú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ ẹja náà, ó wá sí ọwọ́ mi bí ajá tí a pè. Mo fi í sínú akèrègbè pẹ̀lú omi rẹ̀.

Baba sìn mí dé etí òkúta. Ó ní, "Omi yìí kò gbọdọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbé e mọ́ àyà, kí òtútù rẹ̀ máa wọ ọ́. Bí ìwọ bá ń gbọ̀n, ẹja ń bẹ láàyè. Bí o kò bá gbọ̀n mọ́, gba kámú."

Mo gbé òtútù mọ́ àyà, mo sọ̀ kalẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ìrìn náà, àwọn Ẹlẹ́nu-Gbígbẹ dá mi lọ́nà ní Ọ̀dàn Òǹgbẹ. Ahọ́n wọn gùn dé àyà, ó sì ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ní kí n fún àwọn lómi mu. A kì í tọrọ omi lọ́wọ́ ọmọlúàbí kí ó ní òun kò ní, ṣùgbọ́n omi tí ó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀mí Àwẹ̀ró ni. Mo bọ́ gbérí mi. Òjò ọjọ́ mẹ́ta wà nínú aṣọ yẹn. Mo fún un sínú ẹnu wọn, wọ́n mu, wọ́n yó. Ọ̀kan nínú wọn nu ẹnu, ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Mo ní òógùn ọdẹ ni, kò sí ní gbogbo ilé.

Mo ń gbọ̀n. Mo gbọ̀n la ọ̀dàn já, mo gbọ̀n kọjá lára oko wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, ní ẹnu bodè ìlú wa gan-an, gbígbọ̀n náà dúró.

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n mí. N kò gba kámú. Mo sáré. N kò kí ẹnì kan ní òpópónà, wọ́n sì ń bi ara wọn bóyá orí mi ti dàrú. Mo wọlé, mo da akèrègbè sínú ọpọ́n. Ẹja náà dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́, kò mira. Mojíbádé wo ẹja, ó wò mí. Ó fọwọ́ kan àyà mi, ó sì fà á padà kíákíá.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ara rẹ ti tutù kọjá gbígbọ̀n. Gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ wá."

A ki ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró bọ omi. Ìrù ẹja mì lẹ́ẹ̀kan. Ó mì lẹ́ẹ̀kejì. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹsẹ̀ náà po. Iná ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ Àwẹ̀ró jáde, a rí i ní pípupa nínú omi, ẹja sì ń gbé e mì bí ọmọ tí ń mu ẹ̀kọ. Bí ó ṣe ń gbé e mì, tótòtó ara rẹ̀ ń pọ́n, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹ̀yinná. Òógùn bọ́ ní iwájú orí ẹ̀gbọ́n mi, èkíní láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Nígbà tí iná tán pátápátá, ẹja fò sókè láti inú ọpọ́n, ó balẹ̀ sórí ẹní. Ó ti yan. Yíyan gidi, awọ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń ta sánsán.

Àwẹ̀ró la ojú. Ó ní, "Kí ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Ẹja ni, ẹ̀gbọ́n mi. Tiyín ni."

"Ẹ bu iyọ̀ wá."

Mojíbádé ní, "Àwẹ̀ró, ẹja oògùn ni. Èmi ò gbọ́ ọ rí pé a máa ń jẹ ẹ́."

"Ọjọ́ mélòó ni mo ti jẹun gbẹ̀yìn? Ìwọ àti oògùn ẹ sọ̀rọ̀ lọ. Iyọ̀ ni mo bèèrè."

A bu iyọ̀ wá. Ó jókòó, ó fa ẹja sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́ láti ìrù dé orí, ó fa egungun rẹ̀ mu. Gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀. Èmi tí mo ti rì nítorí ẹja yìí, tí n kò sì fi ahọ́n kàn án, mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Ó lá ìka rẹ̀, ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Ẹja àrọ̀ dùn jù ú lọ."

Ni mo bá jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn ọba, mo ti gbọ́ ìyìn lẹ́nu àwọn iwin, kò sí èyí tí ó dùn tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ikú ń wọ́ lọ kì í rí oúnjẹ wí. Ọjọ́ tí ó bá ti lè bú ẹja, ẹ gbà fún un: ó ti padà sáàárín wa.